Ẹran Tí Mi Ò Fi Iyọ̀ Sí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Èbúté Mẹ́ta.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti dé ọjà Oyíngbò lónìí, nítorí ẹ̀dọ̀ tí oòrùn bá ti pa lórí tábìlì kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ gbé wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá ni yóò jẹ ẹ́. Mo ra kílò kan ẹ̀dọ̀ màlúù àti odindi fùkù kan. Alápatà tí mo máa ń bá rà béèrè bóyá mo ní àlejò, mo ní Tanimọ̀la ni mo fẹ́ sè é fún. Nígbà tó gbọ́ pé ajá ni Tanimọ̀la, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín," ó sì fi èènì sí i fún mi.

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ṣe ìpápánu ajá. Kí n má purọ́, owó ló kọ́kọ́ lé mi kúrò nídìí èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá wá láti òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni mo kà pé láti ọdún 2007 ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ nípa ẹran gbígbẹ tí wọ́n ń ṣe fún ajá, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, nítorí ọ̀pọ̀ ajá tó jẹ ẹ́ ṣàìsàn, àwọn mìíràn sì kú, láìjẹ́ pé wọ́n rí ohun pàtó tó fà á.

Fùkù ló ń fún mi níṣẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, nítorí náà kì í rì. Bí mo bá tì í wọlẹ̀, á tún léfòó, àfi kí n fi àwo kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Mo se òun àti ẹ̀dọ̀ títí wọ́n fi jinná dénú kí n tó ronú nípa ófùn, nítorí ooru pẹ́lẹ́ tí a fi ń gbẹ ẹran kò ṣeé gbára lé láti pa kòkòrò àrùn: inú ẹran màlúù gbọ́dọ̀ ti gbóná tó 71°C, ti adìẹ 74°C, kí gbígbẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tutù, mo kó wọn sí fíríìsà fún bí wákàtí kan kí wọ́n lè le díẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, mo sì gé wọn pẹlẹbẹ bí ẹni tó fẹ́ ṣe kílíṣí. Ófùn gáàsì mi kò mọ iná kékeré, ni mo bá fi ọmọrógùn há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ooru lè dínkù, kí omi ara ẹran sì rí ọ̀nà jáde. Wákàtí mẹ́ta gbáko.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo bá jà jù. Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ mi pé a kì í gbé ẹran kaná láìrẹ́ àlùbọ́sà sí i, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé mo ti bó odindi kan tán lónìí kí n tó rántí. Àlùbọ́sà àti aáyù a máa ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. À báà sè é, à báà gbẹ ẹ́, à báà lọ̀ ọ́ kúnná, oró rẹ̀ kì í lọ. Mágí náà kò sàn jù ú lọ, nítorí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, lúbúlúbú àlùbọ́sà sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mo gbé àlùbọ́sà bíbó náà sínú fíríìjì, mo fọ ọwọ́, mo fọ ọ̀bẹ.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí, ti mú ẹyọ kan nínú àwo kí n tó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ta ló bí ọ nínú tó o fi se ẹran báyìí?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, ti ajá ni." Wọn kò tu ú dànù o, wọ́n gbé e mì, wọ́n ní kí n bu omi wá.

Kílò kan ẹ̀dọ̀ kò ku ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ nígbà tó gbẹ. Mo gé e kéékèèké, kò ju èékánná lọ, nítorí fítámì A inú ẹ̀dọ̀ a máa kó jọ sára, bó bá sì pọ̀ jù, a máa ba egungun ajá jẹ́; àti pé ìpápánu kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Fíríìsà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, inú ike orí kábọ́ọ̀dù ni mo kó o sí, kò gbẹ dénú, ọjọ́ kẹrin ló bu, tó hu funfun bí òwú.

Tanimọ̀la kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láti àárọ̀. Ó gbé ẹyọ àkọ́kọ́ mì láìjẹ ẹ́, ó wá ń lá ilẹ̀ ibi tó ti já bọ́. Ní ti àlùbọ́sà bíbó yẹn, òun ni màá fi se ọbẹ̀ Màámi lọ́la, iyọ̀ á sì pé.