Ẹ Dé Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Yan Gàrí Kí Ẹ Tó Wọ Láàbù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ fi èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe gáàsì ìdáná fún pírójẹ́ẹ̀tì yín ní yunifásítì LAUTECH, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé á sọ fún yín pé kí kábọ́ọ̀nù inú ohun tí ẹ bá dà sí táǹkì tó ìlọ́po 20 sí 30 náítírójínì rẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwé ò mọ ìgbà tí wọ́n bó ẹ̀gẹ́ tiyín.

Ọwọ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé èyí tá a bó láàárọ̀ yìí lo fẹ́ ni, àbí ti ìjẹta?" Mo ní, "Ìyá mi, kí ló mú wọn yàtọ̀?" Ó ní òun kì í fún ewúrẹ́ òun ní tútù, àfi tí òun bá ti sá a gbẹ. Ìyá ò wọ láàbù rí o, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: sáyánáìdì, májèlé tó lè dí àwọn kòkòrò tó ń ṣe gáàsì lọ́wọ́, wà nínú èèpo tútù, sísá a sóòrùn sì ń dín in kù. Mo gbà pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú nínú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí.

Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan tètè ń kan. Bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe mẹ́tẹ́ènì, gáàsì tó ń jó náà, fẹ́ kí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan, wà nítòsí 7. Bí ó bá ti kan jù, wọn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn. Àwọn kòkòrò náà ti wà nínú rẹ̀, ó sì ń dín kíkan kù. Ìgbẹ́ adìyẹ náà dára, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, amóníà á pa wọ́n. Èmi fẹ́ràn ti màlúù, kò sì ṣòro láti rí ní odò ẹran.

Nǹkan bí 35°C ló tẹ́ àwọn kòkòrò náà lọ́rùn. Lásìkò ọyẹ́, gáàsì á dín kù. Ẹ máa kọ bí táǹkì ṣe gbóná tó sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ má baà di ẹ̀bi ru èèpo.

Gáàsì tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táǹkì, ó lè bú gbàmù. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ tú u dà sí.

Omi dúdú tó bá ṣẹ́kù, náítírójínì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e fún àwọn ìyá tó fún yín léèpo, kí wọ́n fi sídìí ẹ̀fọ́ wọn.