Ẹni Tó Ń Retí Èrò: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ìwé Orúkọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń kọ orúkọ èrò,

Ọdún 11 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní gáréèjì kan ní Àbújá, tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Èkó. Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì ni ìwé orúkọ èrò tí gbogbo wa ń pè ní mánífẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé torí kí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó má bàa dá ọkọ̀ dúró ni a ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà, ohunkóhun tí èrò bá ti pè ni mo ń kọ, kí ọkọ̀ lè tètè gbéra.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan ní kí n kọ Ìyá Ìbejì, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà ẹbí tí a lè pè, ó fún mi ní ti ọkọ rẹ̀, n kò sì béèrè ibi tí ọkọ náà wà. Orí ìjókòó tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ló wà. Ọkọ̀ náà takìtì nítòsí Abaji, kò sì sí èyí tó lè sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà tí à ń pè ṣáá ń dún nínú àpò ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni àbúrò ọkùnrin náà, tó ti ń retí wọn ní Ìbàdàn, wá wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Orí yọ wọ́n, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sí ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó lè sọ àìsàn tí wọ́n ti ní rí tàbí oògùn tí ara wọn kọ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìwé yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ìbéèrè mi padà. Bí ẹ bá bi Yorùbá tó ń lọ sí ìrìn àjò ní òwúrọ̀ kùtù pé, "Ta ni kí a pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?", etí rẹ̀ yóò gbọ́ ọ bí èpè; mo ti rí màmá àgbà kan tó kó ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nítorí ìbéèrè yẹn. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ta ló ń retí yín níbẹ̀?" Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹni tó ń retí èrò kì í sí nínú ọkọ̀ kan náà, ó mọ àsìkò tó yẹ kí èrò dé, òun ni yóò sì kọ́kọ́ fura bí ó bá pẹ́ jù. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè orúkọ gan-an, nítorí Ìyá Ìbejì, Alhaja àti Mọ́mì Tólú pọ̀ ní ìlú.

Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ kù lọ́wọ́ yín, torí pé bí ọkọ̀ bá jóná, ìwé ọwọ́ awakọ̀ á jóná pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, iye èrò tó wà nínú rẹ̀ gan-an di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, nígbà tí àwọn ẹbí ń wá ènìyàn wọn. Èyí gan-an ni ìdí tí n kò fi fara mọ́ awakọ̀ tó ń gbé èrò ní Zuba tàbí Gwagwalada lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí, a kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí a wá a, bí ó bá sì jẹ́ olè, a kò ní mọ ẹni tí a fi sáàárín àwọn èrò.

Ẹ kọ àsìkò tí ọkọ̀ gbéra. Nǹkan bí 200 kìlómítà ni Lọ́kọ́ja sí Àbújá, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà kí bọ́ọ̀sì sáré ju 90 kìlómítà ní wákàtí kan lọ; awakọ̀ tó bá pè yín láti Lọ́kọ́ja kí wákàtí méjì tó pé ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ eré àsápajúdé. Ti táyà kò gùn: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ni ẹ ó wò. Bí ó bá jẹ́ 2321, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é, ọdún mẹ́rin sì ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fún un. Ẹ kọ 122, nọ́ńbà wọn fún pàjáwìrì, sí òkè ìwé gàdàgbà.

Ẹ má ṣe fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà á ní fọ́tò. Àwọn gbájúẹ̀ lè mú nọ́ńbà inú rẹ̀, kí wọ́n pe ẹbí pé ènìyàn wọn ti ní jàǹbá, kí wọ́n fowó ránṣẹ́ kíákíá. Èrò ló fi nọ́ńbà ilé rẹ̀ sí ìkáwọ́ wa.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ pe awakọ̀. Bí ó bá sọ pé èrò ìkẹyìn ti sọ̀kalẹ̀, ẹ kọ àsìkò náà sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹ tó tì í mọ́ inú àpótí. Bí kò bá gbé ìpè, tí ẹ sì tún pè é tí kò gbé e, ẹ má ṣe lọ sílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń retí wọn, láti orí orúkọ kìíní.