Wákàtí wo ni wọn yóò sanwó fún? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú bàálù olówó pọ́ọ́kú

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ẹnu iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú lókè òkun, kì í pẹ́ kí ọ̀dọ́ kan tó wá bá mi pé, "Àǹtí, iṣẹ́ inú bàálù ni mo fẹ́ ṣe, báwo lẹ ṣe wọlé?" Àwọn kan jáde ní LAUTECH, àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀. Yunífọ́ọ̀mù ni wọ́n rí, àti àwòrán tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń yà lẹ́nu ọ̀nà bàálù. Inú mi ń dùn sí i, torí iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n bi ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé: wákàtí wo lẹ ó máa sanwó fún?

Bàálù olówó pọ́ọ́kú ni èyí tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dínwó, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé dínwó. Ibì kan ni owó náà ti ń wá, ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí i kò sì fara sin. Ilé iṣẹ́ bàálù Southwest ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, ló fi í hàn aráyé. Ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Nígbà tó di 1972, ọwọ́ wọn há, wọ́n ní láti ta ọ̀kan nínú bàálù mẹ́rin tí wọ́n ní, wọn ò sì fẹ́ dín iye ìrìn wọn kù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé bí bàálù bá balẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi ń já èrò, tí wọ́n fi ń kó òmíràn, tó fi ń gbéra. Bàálù mẹ́ta wá ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá ń wakọ̀ láàrin Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin kò nílò àlàyé lórí èyí: iye ìgbà tó bá lọ tó bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò sọ bóyá owó ọlọ́kọ̀ yóò pé. Ryanair ti Ireland mú ìlànà yìí wọ Yúróòpù láàrin àwọn ọdún 1990, ìṣẹ́jú 25 ni tiwọn. easyJet bẹ̀rẹ̀ ní Luton, ní England, lọ́dún 1995.

Ìṣẹ́jú 25 yẹn ló kan àwa òṣìṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ lókè òkun, kò sí agbálẹ̀ tó ń wọlé láàrin ìrìn kan sí èkejì. Bí èrò tó kẹ́yìn bá ti ń sọ̀kalẹ̀, àwa la ń ṣa ike omi àti bébà, àwa la ń to bẹ́líìtì ìjókòó, àwa la ń yẹ abẹ́ àga wò bóyá ẹnì kan gbàgbé ẹrù tàbí fi ohun tí kò yẹ síbẹ̀. A ò tíì mí délẹ̀ tí èrò tuntun ti wà lórí àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá wọ irú bàálù bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó: nínú àwọn kan, kò sí àpò níbẹ̀, àga náà kò sì ṣeé tẹ̀ sẹ́yìn. Bí kò bá sí àpò, kò síbi tí èrò yóò ki ìdọ̀tí bọ̀. Bí àga kò bá ṣeé tẹ̀, kò ní tètè bàjẹ́. Irú bàálù kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń rà, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni páílọ́ọ̀tì, mẹkáníìkì àti àwa inú bàálù yóò kọ́, kí wọ́n lè fi ẹnikẹ́ni sínú èyíkéyìí tó bá ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Iye wa pàápàá, wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Òfin Yúróòpù ní kí òṣìṣẹ́ kan ó kéré tán wà fún ìjókòó 50 kọ̀ọ̀kan. Boeing 737-800 tó ní ìjókòó 189 ń béèrè òṣìṣẹ́ mẹ́rin, mẹ́rin náà ni ẹ ó sì bá níbẹ̀. Ní 2022, nígbà tí òṣìṣẹ́ wọ́n, easyJet yọ ìlà ìjókòó tó kẹ́yìn nínú àwọn bàálù A319 wọn tó wà ní Britain, 156 di 150, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì tó. Kò lòdì sófin. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kò sí ẹni tó ṣẹ́kù tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín bí orí bá ń fọ́ yín lókè.

Wàyí o, owó. Lọ́dọ̀ wa, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé bí owó oṣù kéré. Wákàtí fífò ló ń gbé e sókè. Wákàtí fífò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàálù bá kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí, ó sì parí nígbà tó bá dúró níbi tó ń lọ. Àkókò tí a ti dé kí ìrìn àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìpàdé tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́, gbígbálẹ̀, kíkí èrò káàbọ̀, ìdúró nítorí kùrukùru, kíka owó ọjà tí a tà nínú bàálù lálẹ́, gbogbo rẹ̀ ò sí nínú owó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìrìn mẹ́rin lóòjọ́, wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́fà ni. Ẹ fi wákàtí kan ti àárọ̀ kún un, ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìrìn tó kẹ́yìn, ó ti di wákàtí mẹ́jọ ó lé ìṣẹ́jú 45, bí ohunkóhun ò bá tiẹ̀ pẹ́. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ ni ẹ ti fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn.

Kì í ṣe àwọn olówó pọ́ọ́kú nìkan ló ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, fún ọdún pípẹ́, ìgbà tí ilẹ̀kùn bàálù bá tì ni owó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ bàálù Delta ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó wákàtí fún àkókò tí èrò ń wọlé. Ní Yúróòpù, wákàtí fífò kò gbọ́dọ̀ ju 100 láàrin ọjọ́ 28, kò sì gbọ́dọ̀ ju 900 lọ́dún. Ààbò ni wọ́n ṣe é fún, ó sì dára, ṣùgbọ́n bó ti wù kí ẹ múra tó, ó níbi tí owó náà lè dé. Nígbà òtútù tí èrò dínkù, wákàtí wa ń já wálẹ̀, owó ilé kò sì já.

Ẹ tún mọ ẹni tó gbà yín síṣẹ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ ló wà lára bàálù tí mo wọ̀, òun náà ló wà láyà yunífọ́ọ̀mù mi, ṣùgbọ́n aṣojú kan tó ń bá wọn wá òṣìṣẹ́ ló ni ìwé àdéhùn mi. Wọ́n ń yọ owó ẹ̀kọ́ lára owó oṣù, wọ́n ń yọ owó aṣọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ á ní ká lọ bá aṣojú, aṣojú á ní àṣẹ ò sí lọ́wọ́ òun. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí, torí mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó fi gbèsè ẹ̀kọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ò dákẹ́ ṣá. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ibùdó wọn wà ní Charleroi, ní Belgium, tí ìwé àdéhùn wọn sì jẹ́ ti Ireland, pe Ryanair àti aṣojú tó ń jẹ́ Crewlink lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù tó wà ní Luxembourg sọ pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ bàálù sílẹ̀ kọ́ ni ibi iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Ibi tó ti ń gbéra láàárọ̀ tó sì ń padà sí lálẹ́ ni kí wọ́n wò dáadáa, ó sì lè pẹjọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Ryanair gbà fún ìgbà àkọ́kọ́ pé àwọn yóò bá ẹgbẹ́ àwọn páílọ́ọ̀tì dúnàádúrà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí láti ilẹ̀, ẹ ṣì béèrè.

Ó ní dídára tirẹ̀ o. Kí ilé iṣẹ́ má baà san owó hòtẹ́ẹ̀lì fún wa, ibùdó ni bàálù ń padà sí lálẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ara mi ni mo sì ń sùn. Kọmíṣọ̀n orí kọfí àti súwíìtì tí a ń tà wà pẹ̀lú, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lẹ́nu ọjà ń rí i.

Nílé ńkọ́? Ìlànà náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ bàálù Green Africa bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní oṣù Kẹjọ 2021 pẹ̀lú ATR 72, bàálù abẹ̀bẹ̀ tí kì í jẹ epo tó ti jẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà kúkúrú. Agbára ilé iṣẹ́ kò ká iye epo àti dọ́là níbí. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi ń tètè lọ sórí owó òṣìṣẹ́. Ẹ bi wọ́n níbi tí ibùdó yín yóò wà. Orúkọ ọmọ ìlú wa, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn, àmọ́ Èkó tàbí Àbújá ni púpọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ń fi òṣìṣẹ́ sí. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí ní Ìkẹjà, ẹ ò lè máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, Ìbàdàn gan-an jìnnà. Ẹ ní láti gba yàrá ní ìtòsí bíi Máfolúkù, owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín.

Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní kẹ́ ẹ wá sanwó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ inú bàálù, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, fún wọn kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ríṣẹ́, ẹ béèrè bóyá NUATE tàbí ATSSSAN wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn sì máa ń lọ síbi tí ti ẹnì kan ṣoṣo kò lè dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn ni mo fi sí ìkẹyìn, torí wọ́n máa ń fojú kékeré wò ó. Bí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀, agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń yí padà, ọ̀nà tóóró tó so imú pọ̀ mọ́ etí ló sì ń jẹ́ kí etí lè bá a mu. Bí ọ̀fìnkìn bá dí ọ̀nà yẹn, ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, awọ etí lè ya. Gbogbo wa la mọ èyí nínú ẹ̀kọ́, síbẹ̀ mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fò bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò bá fò kò rówó gbà. Ẹ béèrè lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: bí ara mi ò bá yá, ṣé ẹ ó sanwó? Bí mo bá wà nílé tí mò ń dúró de ìpè yín, ṣé ẹ ó san án? Bí wọ́n bá ní rárá, tí ẹ sì ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ máa ya owó sọ́tọ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, kó má baà jẹ́ owó ilé ni yóò lé yín wọ bàálù lọ́jọ́ tí etí yín bá dí.