Dákónì wa àti báàgì ìrẹsì

Wọn ò mú iná wá látàárọ̀, mo kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mò ń ka ìwé Jóòbù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dákónì wa ló gba ọkàn mi. Àwa welfare ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣèrànwọ́ fáwọn tó nílò, gbé ìrẹsì àti epo lọ fún wọn lánàá torí látìgbà tí dọ́là ti gbówó lórí ni òwò spare parts wọn ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ àwọn ni wọ́n máa ń kó ìrẹsì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún Kérésì. Wọn ò tiẹ̀ ṣí géètì tán. Wọ́n wo ọmọkùnrin tó ru báàgì náà, ọmọ tí wọ́n sanwó WAEC fún, wọ́n ní, "Ìwọ ni wọ́n wá rán sí mi?" Wọ́n ní ká gbé e fún àwọn tó nílò ẹ̀. Ìyàwó wọn dúró lẹ́yìn, ojú wọn ò kúrò lára ìrẹsì yẹn.

Àfi bí mo ṣe dé orí 30 láàárọ̀ yìí. Jóòbù ní àwọn ọmọ kéékèèké ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó jẹ́ pé bàbá wọn gan-an, òun ò lè kà wọ́n mọ́ ajá tó ń ṣọ́ àgùntàn òun. Háà! Jóòbù tí Ọlọ́run fi yangàn níwájú Sátánì! Nígbà tí àgùntàn 7,000 àti ràkúnmí 3,000 ṣì wà nílẹ̀, ta ló gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀? Ó di ìgbà tó ń fi àpáàdì họra nínú eérú. Mi ò sọ pé ìgbéraga ló fa ìyà ẹ̀ o, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ló ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, Ọlọ́run sì bínú sí wọn.

Ìlọ́po méjì tí Ọlọ́run fi dá nǹkan Jóòbù padà la máa ń wàásù ní orí 42, a kì í dúró ní ẹsẹ 11, níbi tí ẹbí àti ojúlùmọ̀ ti wá bá a jẹun, tí kálukú fún un lówó àti òrùka wúrà. Ẹni tó ti ń fún gbogbo ayé! Mi ò ríbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó dá a padà.

Màmá olórí welfare ní ká gba ẹ̀yìnkùlé gbé ìrẹsì náà padà lọ fún dákónì lálẹ́ kójú má baà tì wọ́n. Mo ní rárá o, ká gbé e lọ lọ́sàn-án, kí ọmọ yẹn náà ló tún máa rù ú. Wọ́n ní mo ti le jù.