Ẹran Tí Kò Léegun

Ìyàwó mi wà n'Íbàdàn, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ wẹ ọmọ, ní oṣù tí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kàn mí. Àwa ọmọ ìlú wa tó wà l'Ábújá kò pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di oúnjẹ ìpàdé, ojú wa kì í kéré. Àwọn kan ń ti Nyanya bọ̀, àwọn kan láti Lugbe. Bàbá Alága ń ti Gwarinpa wá sọ́dọ̀ mi ní Kubwa, ìrìn tí kò tó nǹkan, síbẹ̀ bí ẹ bá rí i bí wọ́n ṣe máa ń jókòó de abọ́, ẹ ó rò pé Sókótó ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ẹni tó kù sílé pẹ̀lú mi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Kámbù wọn tó wà ní Kubwa níbí ló ti jáde, wọ́n fi í sí ọ́fíìsì kan ní Wuse, ló bá ní ọ̀dọ̀ Dádì Kubwa lòun máa gbé. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn, ó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Àmọ́ kì í jẹ ẹran. Mo ní kó máa jẹ ẹja nígbà náà. Kì í jẹ ẹja. Ẹyin ńkọ́? Rárá. Mílíkì inú tíì? Ó ní màlúù ló ni ín. Mo gbé oyin jáde, ó ní, "Dádì, àwọn oyin ló fi ṣe oúnjẹ ara wọn." Mo pe ìyá rẹ̀, mo ní ṣé kò sí ìjọ kan tí ọmọ yìí lọ wọ̀ báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Vegan ló lóun ń ṣe. Ìwọ ṣáà máa fún un ní gààrí."

Kí n má parọ́, ebi kì í pa ọmọ náà. Oúnjẹ wéréwéré ló mọ̀ jù. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ya ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń dín awara létí títì wa, wàrà sóyà yẹn, á dúró tì í gbágbáágbá kó má baà ki tirẹ̀ bọ inú ẹyin, á ní kó bu yájì lé e, ó parí. Lọ́jọ́ mìíràn, ewé zogale bíbọ̀ tí wọ́n pò mọ́ kúlíkúlí lílọ̀ àti àlùbọ́sà ni. Èmi náà ti ń jẹ zogale tipẹ́, ẹnì kan ò sọ fún mi pé vegan ni mò ń ṣe.

Èyí tó wá fẹ́ràn jù lọ ni soya chunks. Ọjà Wuse ló ti ń rà á, wọn á wọ̀n ọ́n ní mudu sínú ọ̀rá dúdú, kò ní páálí, kò ní ìwé kankan lára. Ó ṣàlàyé fún mi pé sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò ni. Ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù ni wọ́n pò, tí ẹ̀rọ gbígbóná fi agbára tì í gba ojú ihò kékeré jáde, tó sì gbẹ. Ó ní nínú 100 gíráàmù rẹ̀, nǹkan bí 50 ló jẹ́ purotéènì. Mo ní ó dáa. Mo ń jẹ ṣàkì mi lọ.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú ìpàdé. Ìyá alásè tí mo ti san owó fún pè mí ní ago mọ́kànlá àárọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, Lọ́kọ́jà ni mo wà." Ago méjì ni ìpàdé. Kò sí nǹkan kan nínú fíríìsà, torí iná tí wọ́n mú lọ láti àárín ọ̀sẹ̀ ti jẹ́ ká yára jẹ gbogbo ẹran ibẹ̀ kó má baà rà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀. Ọmọ náà yọjú láti kíṣìnnì, ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní pẹ́."

Mo tẹ̀ lé e wọlé, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ó da sóyà yẹn sínú ọpọ́n ńlá, ó da omi gbígbóná oníyọ̀ lé e. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí gbogbo rẹ̀ fi mu omi, ó wú, ó wú, ó ti ìdérí kúrò lórí. Ó fún omi rẹ̀ dànù, ó tún rẹ ẹ́, ó tún fún un, ó ní òórùn ẹ̀wà ibẹ̀ lòun ń lé lọ. Ó wá kó ata gígún, ata ilẹ̀, aáyù, àlùbọ́sà àti kọ́rì sí i, ó dín in títí ó fi pọ́n. Ó ti da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú ata àti epo pupa, ó sì bu irú sí i dáadáa. Kò sí edé, kò sí panla. Máàgí pàápàá kò bọ́ síbẹ̀, torí ó ka ẹ̀yìn èyí tó wà nílé, ó rí ọ̀rá adìyẹ níbẹ̀. Mo ro iyán oníyẹ̀fun, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Nígbà tí mo tọ́ ọbẹ̀ wò, mo ní, "Má sọ nǹkan kan fún wọn o."

"Dádì, ṣé a fẹ́ parọ́ ni?"

"Ta ló ń parọ́? A kàn ní kí wọ́n jẹun ni."

Wọ́n jẹun. Pálọ̀ pa lọ́lọ́, ìyẹn ìró tí olùgbàlejò máa ń gbàdúrà fún. Bàbá Alága gbórí sókè, wọ́n ní, "Ta ló se ọbẹ̀ yìí?" wọ́n tún gbórí sílẹ̀. Ǹ bá ti bọ́, bí kì í bá ṣe Ìyá Ẹgbẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí Ìyá Ẹgbẹ́ ti ń ta ẹran ní Nyanya. Wọ́n mú ẹyọ kan sókè sí ojú fèrèsé, wọ́n fà á ya, wọ́n wo inú rẹ̀.

"Ẹran kí rèé? Kò léegun. Kò lọ́ràá. Kò níṣan. Èmi ò mọ ẹran yìí o."

Akọ̀wé wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ṣé kì í ṣe 404?"

Ọwọ́ Alhaji akápò dúró lágbedeméjì abọ́ àti ẹnu. Gbogbo ẹni tó bá ti pẹ́ lápá ibí ló mọ̀ pé ajá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun ti ń rò ó láti ìgbà tóun ti wọlé, pé Bingo, ajá lándílọ́ọ̀dù mi, kò gbó wa lónìí. Ibo ni Bingo wà? Mo na ọrùn wo ìta. N kò rí Bingo. Ìgbà tí mo fi yíjú padà, Alhaji ti wà nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń yọ ẹnu, wọ́n sì ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run ní ohùn rara.

Mo pe ọmọ náà jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, sóyà ni. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1944, Donald Watson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá."

Bàbá Alága nawọ́ dá a dúró. "Ẹgbẹ́ tó ní ìpàdé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni wọ́n máa ń gbé fún àlejò níbi ìpàdé ọ̀hún?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ han abọ́ iwájú wọn.

Ìyá Ẹgbẹ́ ní ọ̀rọ̀ ò tó nǹkan, kó gbé tútù rẹ̀ wá. Ó gbé ọ̀rá dúdú wá, ó da ohun tó kù sórí tíréè: róbótó róbótó, aláwọ̀ ilẹ̀, ó ń ró lórí tíréè. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀rí ti dé. Akọ̀wé na ọrùn, ó pariwo.

"Mo mọ èyí! Oúnjẹ ajá ni! Irú rẹ̀ gan-an ni ọ̀gá mi ń rà fún ajá wọn ní Maitama!"

Ẹ wo ayé mi. Wọ́n ní mo se ajá fún wọn. Ká tó yanjú ìyẹn, ó ti di pé oúnjẹ ajá ni mo sè. Ọmọ náà ju ẹyọ kan sẹ́nu ní gbígbẹ, ó ń rún un kàù kàù lójú gbogbo wa, kò ràn án rárá. Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí Bingo fi rọra gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń jùrù.

"Bingo!" Gbogbo ilé ló kígbe. Ẹnikẹ́ni ò kí ajá náà bẹ́ẹ̀ rí. Alhaji ní Alihamudulilahi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bingo kò dá wa lóhùn. Ẹyọ kan ti bọ́ sílẹ̀ látorí tíréè. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó jókòó, ó ń wo tíréè.

"Ẹ ò rí i?" ni Akọ̀wé wí.

Ìyá Ẹgbẹ́ ti fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń bi mí pé èló ni mudu rẹ̀. Nínú ìwé ìpàdé, ohun tí Akọ̀wé kọ ni pé olùgbàlejò fi oúnjẹ tí a kò tíì mọ̀ dájú ṣe wá lálejò, àti pé láti ìpàdé tó ń bọ̀, kí olùgbàlejò máa gbé ẹran han Ìyá Ẹgbẹ́ ní tútù kó tó gbé e kaná. Alhaji ló dá àbá náà. Bàbá Alága ló kín in lẹ́yìn, orí ni wọ́n mì, torí ẹnu wọn kún.