Èmi ni mo lẹ línkì yẹn mọ́ òkè

Kí n tó sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ n sọ tèmi ná. Èmi ni mo lẹ línkì kọ́ìnì crypto kan tí ọ̀gá mi polówó lórí live ẹ̀ mọ́ òkè chat, níbi táwọn òǹwòran ti ń kọ̀rọ̀, lálẹ́ Sátidé kan, aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, mo nà sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá mi ní Kubwa, NEPA ti mú iná lọ látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń han mọ́ mi létí, bátìrì fóònù mi ku 31%, ọ̀gá ní kí n gbé e sókè, mo gbé e sókè. Ó parí. Ọwọ́ kan ni mo fi ṣe é, bisikíìtì wà lọ́wọ́ kejì.

Mi ò ní dárúkọ ọ̀gá o. Ẹni bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Streamer ni, ẹni tó ń ṣe fídíò live lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Abuja níbí ló ń gbé, ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí PS5 lálẹ́, á máa bú ẹni tó bá gbá a wọlé, á se Indomie lójú gbogbo ayé, ìyá ẹ̀ á máa pariwo láti pálọ̀ pé ṣé kò ní sùn ni, gbogbo wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí màmá nínú chat, ẹ kú alẹ́ mà, ẹ kú alẹ́ mà, bí ẹni pé inú pálọ̀ yẹn la jókòó sí. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi ṣe mod, ìyẹn ẹni tó ń mójú tó chat, fún un. Kò sówó oṣù. Ó máa ń ra dátà fún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò burú, lọ́sàn-án mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Banex tí mò ń pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́, lálẹ́ mo di ọ̀gá lórí àwọn aláriwo.

Ẹ ò lè mọ iṣẹ́ mod àfi tẹ́ ẹ bá ṣe é rí. Yíyọ àwọn tó ń bú ìyá èèyàn, ìyẹn kékeré ni. Èmi ni mò ń kí wọn káàbọ̀. Mo mọ ẹni tó ń ṣe WAEC, mo mọ ìyá ọlọ́mọ kan ní Kaduna tó máa ń wò wá tí ọmọ ẹ̀ ò bá jẹ́ kó sùn, mo mọ bọ̀dá kan ní Maiduguri tí kì í kọ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ látìgbà tó bá dé títí táá fi lọ. Èmi ni mo máa ń sọ fún ọ̀gá lórí WhatsApp pé eléyìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bàbá tọ̀hún ló kú, ẹ kí i. Á kí i. Á pe orúkọ ẹ̀. Ẹni yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ohun tí àwọn oníkọ́ìnì wá rà lọ́wọ́ wa nìyẹn, tó bá ṣe pé ìpolówó lásán ni wọ́n ń wá ni, pátákó ìpolówó kún ojú títì Berger fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Wọ́n sì ti sanwó fún un kó tó la ẹnu. Mo mọ̀ torí òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, a ń jẹ sùúyà ní Wuse 2, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní àwọn kan ló kàn sí òun lórí Telegram, wọ́n ti fi USDT, crypto tó ń bá dọ́là rìn, ránṣẹ́, wọ́n tún máa fún òun ní díẹ̀ nínú kọ́ìnì náà kí ọjà tó ṣí. Mo ní kí ni kọ́ìnì yẹn wà fún. Ó wò mí. "Kí ni Dogecoin wà fún?" Kọ́ìnì alájá tí wọ́n fi àwàdà dá sílẹ̀ ni Dogecoin. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún mú sùúyà. Kò sí ìdáhùn lẹ́nu mi ni.

Fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń lọ: irú kọ́ìnì yìí, ẹnikẹ́ni ló lè dá a sílẹ̀ lórí Solana, ọ̀kan nínú àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì crypto, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, owó tó máa ná ẹ ò tó nǹkan, orúkọ àti àwòrán ajá tàbí ọ̀pọ̀lọ́ lo máa fi sí i. Ó ku kó rí ẹni rà á. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà èso ní Zuba. Ẹnì kan ti kó gbogbo ọsàn tó wà lọ́jà láago mẹ́rin ìdájí, nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì jí, owó táṣẹ́rẹ́ ló rà á. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé mẹ́gáfóònù fún ẹni tí gbogbo ọjà fẹ́ràn, ó ní kó máa pariwo pé ọsàn yìí máa tó di góòlù. Èrò rọ́ wá. Bí wọ́n ṣe ń rà á ló ń wọ́n sí i, bó ṣe ń wọ́n sí i ni wọ́n tún ń sáré rà á, ẹni tó sì ń tà á fún wọn láti ẹ̀yìn ìsọ̀ ni ẹni tó kó o láago mẹ́rin. Nígbà tó bá ta tiẹ̀ tán, ó ti wọ bọ́ọ̀sì, ọsàn sì kún ọwọ́ yín. (Ibí ni àfiwé mi ti fọ́, torí ọsàn ṣeé jẹ.)

Lálẹ́ yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni iye kọ́ìnì náà fi lọ sókè. Chat ń sáré débi pé mi ò lè kà á mọ́. Mo ti wọlé. Mo ti wọlé o. Bọ̀dá, báwo ni wọ́n ṣe ń ra SOL? Èmi náà wá jókòó dáadáa, mò ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, mò ń ṣàlàyé SOL, owó Solana tí wọ́n fi ń ra kọ́ìnì náà, àti P2P, bí èèyàn ṣe ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì tààrà, mo tiẹ̀ kọ ọ́ pé "ọjà ti ń yá o, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín". Ọ̀rọ̀ ara mi nìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún mi. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ìlà tó ń fi iye ẹ̀ hàn di pupa, ó já wálẹ̀ bí ìgbà tí garawa bá já sí kànga. Voice note ọ̀gá wọlé: "Ẹni bá kọ scam, yọ ọ́. Yọ ọ́ kíá." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. Mo kà wọ́n lọ́jọ́ kejì, èèyàn 43. Bọ̀dá Maiduguri wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ló kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, álààtì bánkì dún. ₦30,000, "fún wàhálà ẹ". Mo gbà á. Mo fi ra epo, mo fi ra dátà, mo jẹ ìyókù.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá ṣe live ẹ̀bẹ̀. Ó dé fìlà dúdú, kò tan rìǹgì láìtì tó máa ń tàn, ó mí kanlẹ̀, ó ní "ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà pàdánù o." Ibẹ̀ gan-an ló ti bí mi nínú. Ẹni tí wọ́n ti sanwó fún kí ọjà tó ṣí, tí wọ́n tún bu kọ́ìnì fún lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló pàdánù? Àfi tó bá jẹ́ oorun.

Oorun sì rèé, kò kùn mí mọ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti àwọn ará òkè òkun, mo rò pé tiwa nìkan ló rí báyìí. Irọ́ ni. Ní June 2021, àwọn kan nínú FaZe Clan, ẹgbẹ́ géèmù ńlá yẹn ní Amẹ́ríkà, polówó kọ́ìnì kan tí wọ́n pè ní Save the Kids, wọ́n ní lára owó ẹ̀ máa lọ fún àwọn ọmọdé. Ẹ gbọ́ orúkọ o. Kò pẹ́ tó jáde ló ṣubú. Coffeezilla, ọkùnrin tó máa ń tú irú àṣírí báyìí lórí YouTube, ló fi han ayé pé wọ́n ti yí kóòdù ẹ̀ padà kó tó bọ́ sọ́jà: ìdènà tó yẹ kó dá àwọn tó ní púpọ̀ dúró fún wákàtí 24 kí wọ́n má baà tà á dànù kíá, wọ́n sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan. July ọdún yẹn, FaZe lé Kay, ọ̀kan nínú wọn, dànù, wọ́n ní kí Jarvis, Nikan àti Teeqo lọ rọ́kún nílé ná. Ìṣẹ́jú kan! Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ti Ice Poseidon, streamer Amẹ́ríkà kan, tún yàtọ̀. Kọ́ìnì tiẹ̀ ni CxCoin, 2021, àwọn tó ń wò ó ló ṣe é fún, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é yọ bí $500,000 jáde níbẹ̀, nígbà tí Coffeezilla bi í pé ṣé ó máa dá a padà, ó ní agbára ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun o, ṣùgbọ́n ti ara òun lòun máa rò. Ó burú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo fara mọ́ ìyẹn ju "èmi náà pàdánù" lọ, ó kéré tán kò dé fìlà dúdú bojú. Kim Kardashian ní tiẹ̀ gba $250,000 torí kó lè gbé kọ́ìnì EthereumMax sórí Instagram, kò sọ fáwọn èèyàn pé wọ́n sanwó fún òun, ni SEC ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, bá mú un, ó san $1.26 mílíọ̀nù ní October 2022. Ẹ kíyè sí i, wọn ò ní ó jẹ̀bi torí pé ó polówó, torí pé ó fi owó iṣẹ́ pamọ́ ni. December 2024 náà ni ti HAWK, kọ́ìnì ọmọbìnrin Hawk Tuah yẹn tí fídíò ẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, iye gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ gùn dé nǹkan bíi $490 mílíọ̀nù, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti já ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Nílé níbí náà, May 2024, Davido gbé $DAVIDO jáde, ó gùn, ó já, Twitter gbiná, ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Gwarinpa tó jẹ́ lọ́yà pé ṣé òfin ò wà ni. Ó ní òfin wà, ISA 2025, òfin ìdókòwò tí Ààrẹ buwọ́ lù ní March ọdún yẹn ti ka irú dúkìá orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí mọ́ ohun tí SEC ilé wa ń mójú tó, ó tún ní ẹ̀wọ̀n fún àwọn oní-Ponzi, àwọn tó ń fi owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé san ti ẹni tó ti wà ńbẹ̀. Ó wá wò mí láti òkè gíláàsì. "Ta lo fẹ́ kí wọ́n mú? Ṣé kọ́ìnì náà ní ọ́fíìsì ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo yáa ní kí n lọ bá wọn kó àga.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi kọ "owó wa dà" sábẹ́ gbogbo fídíò ọ̀gá, kódà sábẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí ìyá ẹ̀, ìyẹn ò dáa lójú mi, kí ló kan màmá. Àwọn kan ń gbèjà ẹ̀ pé ṣé ó gbé ìbọn lé yín lórí ni, ojú kòkòrò ló pa yín, ṣé ẹ ò gbọ́n látọjọ́ MMM, Ponzi tó kó owó àwọn èèyàn há ní 2016? Mo gbọ́. Ojú kòkòrò wà ńbẹ̀, èmi náà ní tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nínú bọ́ọ̀sì Nyanya, ẹ kì í gbà wọ́n gbọ́ kíákíá, torí ẹ ò mọ̀ wọ́n rí, ẹ mọ̀ pé wọ́n máa sọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kí ọ kú ewu ọmọ ńkọ́? Ẹni tí o mọ ohùn ìyá ẹ̀?

Lọ́jọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Minna, ọmọ Ọ̀fà, bàbá ẹ̀ ń ránṣọ níbẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ rèé: "Ẹ káàsán sà, Bọ̀dá Mod. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Ṣé kọ́ìnì yẹn ṣì máa gbéra sà? Owó skúùlù mi ni." Ó fi fọ́tò ojú fóònù ẹ̀ sí i. ₦85,000 ló fi wọlé, ₦2,140 ló kù. Ojú fóònù náà ti sán látòkè délẹ̀, irú èyí tí mo lè fi ogún ìṣẹ́jú pààrọ̀ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá bú mi ni, mi ò bá yọ ọ́, mo ti mọ iṣẹ́ yẹn. "Sà" yẹn ni mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Mo ní ṣé o ti kọ̀wé sí ọ̀gá? Ó ní ẹ̀ẹ̀mọkànlá, kò kà á. Ìyá mi dá àjọ ní Ìlọrin fún bí ogún ọdún, gbogbo wọn ló mọ ilé aláàjọ, wọ́n mọ ìyàwó ẹ̀ méjèèjì, tí aláàjọ bá pẹ́ kó dé lópin oṣù, àwọn ìyá yẹn á lọ tẹ́ ìró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n á jókòó. Ọmọ yìí wá ẹnu ọ̀nà ọ̀gá, kò rí i. Tèmi ló rí.

Mo ti fi ₦10,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ó ku ₦55,000, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan péré nìyẹn. Mi ò ṣe mod mọ́. Ọ̀gá ṣì ń ṣe live, èèyàn kọ́kọ́ dín, wọ́n ti ń padà.

Ọmọ Minna máa ń kí mi ní gbogbo Jímọ̀, Jumat Mubarak sà, ó mọ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ó ṣì ń kí mi. Jímọ̀ tó kọjá, ó kí mi tán, nǹkan tún ń tẹ̀ lé e, mo rí i pé ó ń kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Ó wá wọlé: "Bọ̀dá, wọ́n ní kọ́ìnì kan ń jáde lálẹ́ ọ̀la. Ẹ bá mi wò ó sà, tẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, mo máa wọlé."

Mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é.