Rọ́bà kékeré tó ń da mọ́tò mi láàmú

Ẹ wò ó, oṣù méjì gbáko ni rọ́bà kékeré kan fi fojú mi rí màbo. Corolla 2003 ni mo ń wà, tí n bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ẹ́ńjìnnì á sáré sókè á tún rọ̀ wálẹ̀, ìgbà míì á kú pátápátá. Wọ́n skánì ẹ̀, kóòdù P0171 ló jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí n pààrọ̀ pọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ ẹ̀, pàbó.

Ìkejì kàn tẹ́tí, ó ní "Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe ṣììì?" Ó yọ PCV valve (fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn tó há sínú ẹ́ńjìnnì rí ọ̀nà jáde), ó mì í létí mi, kò dún rárá (èyí tó dáa máa ń dún kọ̀kọ̀kọ̀), ọ́ìlì tó ti ki bí ọ̀dà ló dí i pa. Rọ́bà tó so mọ́ ọn náà ti sán lábẹ́, níbi tójú ò dé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. A pààrọ̀ méjèèjì, ló bá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ọ́ìlì bá ń jò lára ẹ́ńjìnnì yín, kẹ́ ẹ tó ra síìlì, ẹ kọ́kọ́ yẹ valve yẹn wò, torí tó bá ti dí, atẹ́gùn tó há sínú lè máa ti ọ́ìlì jáde.